Òdòdó kún orí ẹlégédé mi, ọmọ kò dúró: ewé wo ni mo lè gbìn kí oyin lè máa wá?

Àdùkẹ́ Àpáta:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àpáta ní Ìbàdàn là ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé mi kò tóbi, bí ibi tí ọkọ̀ méjì lè dúró sí ni. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo gbin ẹlégédé àti kùkúḿbà síbẹ̀. Wọ́n fà dáadáa, òdòdó kún wọn, àmọ́ bí ọmọ bá ti tó àtàǹpàkò báyìí, á pọ́n, á rọ̀, á já bọ́. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún mi pé àìsí oyin ló fà á, pé kí n gbin ewé olóòórùn dídùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti ní efinrin nínú ìkòkò méjì àti igi ewúro kan lẹ́bàá ògiri, n kò sì rí oyin lára wọn. Kí ni kí n tún gbìn? Èyí tí mo lè fi sebẹ̀ tàbí tí mo lè fi se àgbo ni mo ń wá o, nítorí bàbá àwọn ọmọ kò ní gbà kí n gbin òdòdó lásán sórí ilẹ̀ kékeré yìí. Àti pé ṣé oyin kò ní ta àwọn ọmọ?

Tọ́pẹ́ Ọ̀gbìn:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ yẹn kò purọ́. Ẹlégédé ní akọ òdòdó, ó ní abo, orí ìtàkùn kan náà ni méjèèjì wà. Abo ni èyí tí ọmọ kékeré wà nídìí rẹ̀. Ti akọ, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni. Àfi kí nǹkan gbé lẹ́búlẹ́bú inú akọ dé inú abo kí ọmọ yẹn tó lè dúró. Afẹ́fẹ́ kò lè bá yín ṣe é, lẹ́búlẹ́bú ẹlégédé wúwo, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Àárọ̀ kùtù ló ń tanná. Kí ọ̀sán tó pọ́n, òdòdó ti pa dé. Bí kòkòrò kankan kò bá yà síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn, òdòdó ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn.

Kí ọgbà ewé yín tó dàgbà, ẹ fi ọwọ́ ṣe é. Ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, ẹ já akọ kan, ẹ ya abala òdòdó rẹ̀ dànù, kí ẹ wá fi ọ̀pá tó kù láàárín ra inú abo. Akọ kan lè tó abo méjì sí mẹ́ta.

Ti kùkúḿbà, ẹ wo ara páálí irúgbìn rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe fún inú ilé ọ̀rá, wọn kì í wá oyin rárá kí wọ́n tó so. Bó bá jẹ́ irú ìyẹn lẹ gbìn, ẹ lọ wo omi àti ilẹ̀ yín.

Kọ́lá Onílé:
Ọ̀rọ̀ oyin kọ́ rárá. Kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Ẹ bu ọ̀tápíàpíà díẹ̀ sínú omi, kí ẹ máa fọ́n ọn láràárọ̀. Tèmi kò já mọ́ láti ìgbà náà.

Bàbá Afárá:
Kọ́lá, àbúrò mi, ẹ rọra o. Ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tápíàpíà ni dichlorvos, irú èyí tí NAFDAC ní lọ́dún 2019 pé kí wọ́n má ta ìgò kéékèèké rẹ̀ lọ́jà gbangba mọ́, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣì í lò. Ẹ ní kí ìyàwó ilé fọ́n ọn sórí ohun tí yóò sè fọ́mọ jẹ, ẹ tún ní kó jẹ́ láàárọ̀ tí òdòdó là sílẹ̀? Oyin tó bá bà lé e ní wákàtí yẹn kò ní dé ilé.

Àmọ́ n kò ní pa òótọ́ yín mọ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó já ni àìsí oyin já. Àdùkẹ́, ẹ la mélòó kan nínú èyí tó bọ́ sí méjì. Bí ẹ bá rí ìdin nínú rẹ̀, eṣinṣin ló ti fi ẹyin sí i lára; ẹ kó gbogbo èyí tó bọ́ sínú ọ̀rá, ẹ dì í, ẹ gbé e sínú oòrùn, ẹ má jẹ́ kó jẹrà sórí ilẹ̀. Kí ẹ sì máa fi bébà wé àwọn ọmọ tó kù. Bí inú rẹ̀ bá mọ́ tónítóní, ọ̀rọ̀ oyin la ń sọ.

Àdùkẹ́ Àpáta:
Mo la márùn-ún. Ọ̀kan ní ìdin, mẹ́rin mọ́ tónítóní.

Ìyá Aláàgbo:
Àdùkẹ́ ọmọ mi, ẹ kú akitiyan. Ẹ ní efinrin, ẹ ní ewúro, ẹ tún wá ń béèrè ewé tí oyin fẹ́ràn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ewé méjèèjì yẹn wà lára ohun tí oyin fẹ́ràn jù lọ nílẹ̀ wa. Ohun tí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n tanná. Ìyàwó ilé wo ló ń jẹ́ kí efinrin tanná? Bó bá ti yọ orí báyìí, a ti já a sọ́bẹ̀. Ewúro ńkọ́? Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá ti ga díẹ̀, a ti gé e. Ewé ni àwa ń wá. Oyin kò fi ewé ṣe nǹkan kan.

Ẹ yọ̀ǹda ìkòkò efinrin kan. Ẹ má já a. Yóò yọ ọ̀pá òdòdó gígùn, òdòdó funfun kéékèèké yóò là yí i ká láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ó máa ń pẹ́ lórí igi. Ẹ dúró tì í láàárọ̀ kí ẹ wo ohun tí yóò wá. Ti ewúro, ẹ fi ẹ̀ka kan tàbí méjì sílẹ̀ láì gé láti ìparí òjò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń tanná. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó pọ̀ jọ ní ìdì ìdì, òórùn rẹ̀ sì máa ń dùn gan-an nírọ̀lẹ́. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá gbẹ lọ́wọ́ ọyẹ́, ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ariwo oyin.

Àwọn yòókù tí ẹ lè fi kún un: gbúre, òdòdó rẹ̀ kéré, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀sán ló sì ń là, nítorí náà yóò bọ́ wọn nígbà tí ẹlégédé bá ti pa dé. Ẹ̀bọ̀lọ̀, bí ẹ bá fi díẹ̀ sílẹ̀ kó gbó. Labalábá fẹ́ràn rẹ̀. Mọ̀ríńgà, bí ẹ bá ní àyè ẹyọ igi kan; ìgbà tí kì í tanná kò pọ̀. Àti àbámodá, kò tilẹ̀ gba wàhálà. Òdòdó tirẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ bí agogo, ó jìn, nítorí náà ẹyẹ kékeré ẹlẹ́nu gígùn tí ń dán nínú oòrùn ló sábà máa ń mu ún.

Tẹ̀tẹ̀ ẹ lè gbìn fún ikùn yín, àmọ́ ẹ má retí pé kó mú oyin wá. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún tẹ̀tẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀kìtì:
Màmá, ẹ má bínú o, mo ta ko yín díẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, bí efinrin bá ti tanná tán, ewé rẹ̀ á di kékeré, á le, igi á sì gbó. Màmá mi a máa gé orí rẹ̀ kó tó tanná ni, ìdí nìyẹn tí efinrin rẹ̀ fi ń pẹ́. Bí Àǹtí Àdùkẹ́ bá fi ìkòkò kan nínú méjì sílẹ̀, ìdajì ọbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Tọ́pẹ́ Ọ̀gbìn:
Ẹ̀yin méjèèjì ló tọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò gba ipò ara wọn. Ẹ já ti Kìíní, kí ti Kejì máa tanná. Bí òdòdó Kejì bá bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ gé e wálẹ̀ dé ìdajì. Kó tó rú padà, ẹ ti jẹ́ kí Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í tanná. Efinrin kì í kú nítorí pé ó tanná, ó kàn nílò kí wọ́n gé e. Kí ẹ tó gé e, ẹ gbọn irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀, ìkòkò kẹta á jáde láìsan kọ́bọ̀.

Irú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní basil lọ́jà àwọn olówó, ìyẹn lè gbó kó kú lẹ́yìn tó bá ti so tán. Bóyá irú ìyẹn ni màmá yín ń gbìn.

Ọmọ Ẹ̀kìtì:
Rárá o, efinrin ńlá ni. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́.

Ìdòwú Peckham:
Ẹ kú ìjókòó o. Nílùú London tí mo wà, orí bálíkónì ni ọgbà tèmi. Láfẹ́ńdà, táìmù, rósímárì àti oregano ni mo gbìn. Bí oòrùn bá ti jáde ní oṣù kẹfà, àwọn oyin ńlá onírun tó sanra yẹn á bò wọ́n. Mo ń já táìmù sínú ìrẹsì, oyin náà ń jẹ tirẹ̀. Wọ́n ní láti àwọn ọdún 1930, ìpín 97 nínú ọgọ́rùn-ún pápá olódòdó ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pàdánù, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibí fi ń rọ gbogbo èèyàn pé kí wọ́n gbin nǹkan sí ojú fèrèsé. Àdùkẹ́, ẹ wá láfẹ́ńdà. Kò sí èyí tó dà bí i rẹ̀ fún oyin.

Ìyá Aláàgbo:
Ìdòwú, ẹ kú àjò. Láfẹ́ńdà tí ẹ ń sọ yẹn, òjò Ìbàdàn yóò fi ìyà jẹ ẹ́. Ilẹ̀ gbígbẹ àti ojú ọjọ́ tútù ló fẹ́. Ọmọ mi kan rà á wá, ìdí rẹ̀ jẹrà kí oṣù keje tó dé.

Tọ́pẹ́ Ọ̀gbìn:
Mo kín Màmá lẹ́yìn. Rósímárì ṣì lè yè bí ẹ bá gbé ìkòkò rẹ̀ sábẹ́ àjà tí òjò kò ti lè pa á, tí iyanrìn sì pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kì í fẹ́ tanná níbí. Oregano àti táìmù náà, ewé nìkan lẹ máa rí jẹ. Àwọn ewé tiwa ni oyin tiwa mọ̀.

Ìdòwú, efinrin tiyín ńkọ́ lọ́hùn-ún?

Ìdòwú Peckham:
Inú ilé ló wà, lójú fèrèsé kíṣìnì. Otútù pa èyí tí mo gbé síta.

Àdùkẹ́ Àpáta:
Ẹ ṣé gan-an. Màmá, òótọ́ ni, n kì í jẹ́ kó tanná. Mo ti ya ìkòkò kan sọ́tọ̀, mo ti kìlọ̀ fún ọmọ ọ̀dọ̀ náà. Àmọ́ ìbéèrè àwọn ọmọ ṣì ń dùn mí. Lọ́dún tó kọjá, oyin wọ inú àjà ilé aládùúgbò wa, wọ́n ta ewúrẹ́ kan pa. Bí mo bá gbin nǹkan tí ń pè wọ́n, ṣé kì í ṣe èmi ni wọn yóò kàn? Ẹnì kan tún ní kí n gbin koríko ọba yí ọgbà ká, pé ó ń lé oyin.

Bàbá Afárá:
Ìbéèrè tó dára nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn. Oyin ni mo ń sìn ní agbègbè Ṣakí.

Oyin tó wá jẹun lórí òdòdó àti oyin tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀, ìwà wọn kò jọra. Èyí tó wà lórí efinrin, iṣẹ́ ló wá ṣe. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ fọwọ́ gbá a, kò ní tiyín rò. Ibi tí afárá wà ni ewu wà, nítorí oyin ilẹ̀ wa máa ń gbèjà ilé rẹ̀ gidigidi. Òdòdó kọ́ ló gbé wọn wọ àjà aládùúgbò yín, ihò ni. Oyin tó ń wá ibùgbé máa ń wá ibi tó ṣófo, tó gbẹ, tó ṣókùnkùn. Ẹ dí gbogbo ihò tó wà létí àjà, ẹ dé orí dírọ́ọ̀mù òfìfo, ẹ má ṣe tọ́jú àpótí àtijọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí wọ́n bá ti wọlé síbì kan, ẹ má fi iná sun wọ́n, ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Ẹ pe ẹni tó ń sin oyin.

Ti koríko ọba, ẹni tó sọ pé ó ń lé oyin ti gbé e kodò. Àwa ń fọ́ ewé rẹ̀, a ń fi ra inú àpótí òfìfo kí oyin lè wọlé! Òórùn rẹ̀ jọ èyí tí oyin fi ń pe ara wọn. Ẹ̀fọn ni wọ́n ní ó ń lé. Bó bá wà ní ìdúró nínú ọgbà, kò sí ewu. Ẹ kàn má gé e kí ẹ kó o jọ sínú ilé òfìfo tàbí sábẹ́ àjà tó lu. Kò tún ní òdòdó tí oyin lè jẹ, nítorí náà tíì nìkan ni kí ẹ fi mu.

Bí oyin bá ta ọmọ kan, ẹ fi èékánná ha oró náà kúrò lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣe pẹ́ tó lára ni oró ń pọ̀ tó. Bí ojú tàbí ètè ọmọ bá wú, tí kò sì lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni, ẹ má dúró wá àgbo. Bí wọ́n bá sì ya jáde lọ́pọ̀, ẹ sáré wọ inú ilé kí ẹ ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ ni pé kì í ṣe oyin tèmi nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Irú oyin tó wà láyé lé ní 20,000, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í ṣe afárá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sí. Àwọn kékeré dúdú tí wọ́n ń dà bo ojú ẹni tó ń làágùn lóko, tí ẹ ń rò pé eṣinṣin ni, oyin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kì í ta ni. Oyin dúdú ńlá tó ń lu igi òrùlé ní ihò ńkọ́? Òun ló ń gbọn òdòdó tòmátì àti ìgbá tìtì títí lẹ́búlẹ́bú á fi dà sílẹ̀. Oyin inú afárá kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Oyin tèmi lè fò tó kìlómítà mẹ́ta láti wá oúnjẹ. Àwọn kéékèèké yìí kò lè rìn jìnnà. Àwọn ni ọgbà kékeré bí ti Àdùkẹ́ ń gbà là.

Ní báyìí ẹ wo àwọn àgbàlá Ìbàdàn lóde òní. Íńtálọ́ọ̀kì láti géètì dé ẹ̀yìn ilé, ibi tí kò bá ní íńtálọ́ọ̀kì, sìmẹ́ńtì. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ gbẹ́ ihò? Ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò, níbi tí oòrùn ń dé, kí ẹ má ro ó, kí ẹ má da omi sí i. Fífẹ̀ tó àtẹ gàárì kan ti tó.

Dérìn Abẹ́òkúta:
Èyí tó rọrùn jù ni ewé Akíntọ́lá. Kò sí ẹni tí yóò gbìn ín, fúnra rẹ̀ ni yóò hù. Ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lójú egbò, oyin àti labalábá sì ń jẹ òdòdó rẹ̀ gan-an láti oṣù kọkànlá lọ. Ẹ kàn fi igun kan sílẹ̀ fún un.

Tọ́pẹ́ Ọ̀gbìn:
Ẹ̀gbọ́n Dérìn, òótọ́ lẹ sọ nípa òdòdó rẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe é nínú àgbàlá kékeré. Irúgbìn rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́, gbogbo àdúgbò ni yóò gbà. Èyí tó burú jù: tata aláwọ̀ dúdú àti ìyeyè tó ń rùn yẹn fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ ju nǹkan mìíràn lọ, ó máa ń gba oró láti inú rẹ̀ sára kí ẹyẹ má baà jẹ ẹ́. Bó bá ti yó tán, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ yín ló kàn.

Dérìn Abẹ́òkúta:
Tata ti wà kí n tó gbin nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó wà létí igbó nígbà náà, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Mo gbà.

Kọ́lá Onílé:
Ó dára, ẹ ti fi mí ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí kòkòrò bá wá bo ewé ńkọ́, ṣé kí n máa wò ó ni?

Bàbá Afárá:
Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wá, kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀ níbí. Ẹ gún èso dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n ọn, nígbà tí oyin ti lọ sùn, kí ẹ sì yẹra fún òdòdó. Kòkòrò tó bá jẹ ewé náà ló ń pa jù. Bí ẹ bá ra oògùn lọ́jà, ẹ ka ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí imidacloprid, ẹ dá a padà: inú igi ló ń gbà lọ, ó ń dé inú lẹ́búlẹ́bú àti omi dídùn òdòdó, kò sí aago tí ẹ fọ́n ọn tí oyin kò ní jẹ nínú rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de lílò rẹ̀ ní gbangba oko láti ọdún 2018.

Alájà Kejì:
Ẹ jọ̀ọ́, àwa tí kò ní ilẹ̀ ńkọ́? Sùúrùlérè ni mo wà, àjà kejì, bálíkónì tí oòrùn ń dé láàárọ̀ nìkan. Ṣé oyin máa ń gòkè?

Tọ́pẹ́ Ọ̀gbìn:
Ó ń gòkè dáadáa. Ẹ kó ìkòkò efinrin mẹ́ta sí ojú kan, ẹ má tú wọn ká; òdòdó tó pọ̀ lójú kan ni oyin máa ń tètè rí. Gbúre náà á ṣe é nínú ike. Ẹ gbé àwo pẹlẹbẹ kan síbẹ̀, ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ẹ bu omi sí i kó má bo òkúta náà, kí oyin lè rí ibi dúró sí. Ẹ máa da omi náà nù lọ́jọ́ méjì méjì nítorí ẹ̀fọn.

Àdùkẹ́ Àpáta:
Bàbá, ìbéèrè kan ló kù. Ìgbà wo ni oyin ń wá oúnjẹ jù? Mo rò pé ẹ̀ẹ̀rùn ni, nítorí gbogbo nǹkan ló ń gbẹ.

Bàbá Afárá:
Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni oúnjẹ wọn pọ̀ jù. Igi ńláńlá ló ń tanná nígbà náà: máńgòrò, dóńgóyárò, ewúro. Ìgbà yẹn la ń fa oyin. Àárín òjò gan-an ni ebi ń pa wọ́n, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Òjò ń fọ omi dídùn inú òdòdó dànù, òdòdó fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ó rí wọn lórí ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, wọ́n ń kó lẹ́búlẹ́bú, bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo kò nílò wọn. Nítorí náà efinrin tó ń tanná nínú òjò ni kí ẹ mú ní kókó, ewúro á gba ẹ̀ẹ̀rùn ṣe. Ẹlégédé yín sì wà láàárín àkókò ebi yẹn, bí efinrin bá ti ń pè wọ́n wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn á yà.

Àdùkẹ́ Àpáta:
Ó yé mi, Bàbá. Mo ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn eléwé ọmọ tó ń ta ewé àgbo ní Bódè lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ ra ẹ̀ka ewúro sí i.

Ìyá Aláàgbo:
Ẹ má ra ẹ̀ka ewúro, ọmọ mi. Èyí tó wà lẹ́bàá ògiri yín náà, ẹ gé ọ̀pá tó ti gbó díẹ̀, tó gùn tó ìgúnpá sí ọwọ́, ẹ gún un sílẹ̀ ní ìdàgẹ̀ẹ́rẹ̀. Òjò yìí á mú un yè. Àbámodá ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, ewé kan péré. Ẹ gbé e lé ilẹ̀ tútù, etí rẹ̀ ni ọmọ ti ń hù.

Alájà Kejì:
Màmá, ẹ bá mi gba ewé kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.